Ẹni Tó Ń Súfèé Lébùúté

Orin náà ti dé ẹsẹ kẹta kí Ràfátù tó gbọ́ ìfé ọkọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Kò kọ́kọ́ gba etí rẹ̀ gbọ́. Nínú Ilé Ìgbọ́rin, ẹnikẹ́ni kì í rí olórin; ibi tó bá wù ú ló ti ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀, tí á sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ògiri funfun ni àwọn olùgbọ́ mẹ́ta máa ń kọjú sí, orin á máa ti òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ sórí wọn, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pe ẹni tó kọ ọ́ títí ìdájọ́ á fi parí. Nọ́ńbà kẹrin ló ń dún lọ́wọ́. Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó sì ha díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń pariwo láti àárọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ láàárín ẹ̀rọ.

Orin tó ń kọ kò ṣàjèjì. Kò sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n láti kékeré:

Ta ló wà lébùúté tó ń juwọ́?
Mi ò rí i dáadáa, oòrùn ń ràn.
Ẹ rọra tukọ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó,
Bó bá jẹ́ tèmi ni, màá sọ̀.

Orin àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀sà kí àjẹ̀ wọn lè bára mu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan, wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́nà mẹ́ta tí kò jọra. Nọ́ńbà kìíní, bí akọ̀wé ṣe sọ fún wọn, dúró sínú omi tútù tó mù ún dé ọrùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn bó ṣe ń kọ ọ́. Nọ́ńbà kejì jẹ́ ogójì obìnrin tí wọ́n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà kúrò, tí wọ́n fi orúkọ ẹja dípò wọn. Alàgbà Múyìwá, olórí àwọn olùgbọ́, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ńbà kẹta fi imú nìkan kùn ún, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan ò lè lé ẹni tó wà lórí àga orin kúrò.

Ràfátù fúnra rẹ̀ ló wà lórí àga orin yìí. Ó ti di ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n tó ti wọ inú táńkì omi kan tó gbẹ, tó fa orin eré yẹn gùn, tó kọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ìyá tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Láti ìgbà náà, tirẹ̀ ni gbogbo èbúté ń gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọ̀sán gangan, àti nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí. Òfin ní orin kan, àga kan, ohùn kan. Bí ẹlòmíràn bá gun àga náà, wọ́n á mú ohùn ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ ìlú, kò tún ní jáde níbẹ̀ mọ́. Òfin yẹn kan náà ló ní kí ẹni tó ni àga wà lára olùgbọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àga rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti wá du ìjókòó náà mọ́ Ràfátù lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo wọn láìṣègbè, ó sì ń sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ńbà kẹrin yìí yàtọ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ló fi bẹ̀rẹ̀. "Màá sọ̀," ó wí, bí ẹni tó ti pinnu kó tó wo ojú ẹni tó ń juwọ́. Lábẹ́ ohùn rẹ̀, irin kan ń họ ara ọkọ̀, họ̀ọ̀rọ̀, họ̀ọ̀rọ̀, déédéé bí èémí. Nígbà tó dé ibi tí gbogbo ayé ti ń retí ègbè, obìnrin náà dákẹ́. Ìfé kan sì dáhùn láti ọ̀nà jíjìn.

Ohùn méjì ni ìfé náà ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Ràfátù mọ̀ láyé tó ń súfèé báyẹn. Nígbà tí Jínádù wà lọ́mọ ogún ọdún, ìkọ́ okùn ọkọ̀ kan gbá a lẹ́nu, ó kán eyín rẹ̀ kan sẹ́bàá èjí tí Ọlọ́run fi dá a. Láti ìgbà náà ni èémí ti ń gba ọ̀nà méjì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìfé yẹn ló fi ń pè é jáde nílé bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Kò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Olùgbọ́ tó bá dá ohùn kan mọ̀ nínú orin gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè, kó dìde, kó jáde kí orin tó parí. Ràfátù mọ òfin náà bó ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò sì gbé e. Ó fẹ́ gbọ́ ọ dé òpin ná. Ó fẹ́ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó. Obìnrin yẹn á pè, ìfé á dáhùn. Obìnrin náà á yára, ìfé á fà sẹ́yìn, bí ọkọ tó mọ ìrìn aya rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tilẹ̀ wà tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín kékeré kan, tí kò yọ ọ́ kúrò, tó jẹ́ kó wà nínú orin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló gún Ràfátù láyà jù.

Ọwọ́ òsì àwọn olùgbọ́ máa ń wà lórí Afura, àwo dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rì mọ́ tábìlì. Bí ohùn bá ti ọ̀fun ènìyàn jáde, Afura á móoru bí ara ọmọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é, á tutù bí òkúta inú omi. Afura ti ń móoru látìgbà tí obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìfé yẹn ló dà á láàmú. Kò gbóná mọ́, kò sì tutù.

Orin parí. Ìyáàfin Ṣómóyè, olùgbọ́ kẹta, fi etí gèlè nu ojú.

"Mo ti gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe," ó ní. "Ó wá dà bíi pé ẹnì kan wà lébùúté lóòótọ́ tí kò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ òun."

"Ẹ gbọ́wọ́ lé Afura yín," ni Alàgbà Múyìwá wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́dọ̀ yín? Èmi ò rí ọ̀fun ènìyàn tó ń ké ohùn méjì pọ̀ rí. Ẹ ò sì níí sọ pé ẹ ti gbàgbé Ọdún Ariwo. Ẹ̀rọ ń ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹ̀dà orin kan ṣoṣo lóòjọ́, títí ọmọ ò fi mọ èyí tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ mọ́. A ò gbọdọ̀ jẹ́ kó tún gba ojú ihò abẹ́rẹ́ wọlé." Ó yíjú sí Ràfátù. "Ìyá Mùínà, etí tiyín ló dá wa lójú jù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ ti pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò sì ṣì í. Kí lẹ gbọ́?"

Ràfátù wo ògiri funfun. Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni Jínádù ń lọ sí ọgbà ọkọ̀ ní Èjìnrìn. Ó ní òun ń bá wọn wo ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ òun má bàa gan, níwọ̀n ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì. Àwọ̀ búlúù sì máa ń wà létí apá ẹ̀wù rẹ̀ tó bá dé. Òun Ràfátù ló ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kúrò.

"Mo gbọ́ ẹ̀rọ," ó ní.

Kò gba kí wọ́n dìbò. Bí olùgbọ́ kan bá ti sọ gbólóhùn yẹn nígbà tí Afura ń ṣiyèméjì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohùn akọ̀wé jáde láti inú ògiri: "A ti pa ohùn nọ́ńbà kẹrin dé fún ọdún márùn-ún, nítorí ẹ̀sùn ohùn àfẹ̀rọṣe. Bó bá ní ẹni tó lè mú wá láti fi hàn pé ènìyàn ni, ọjọ́ mẹ́ta ló ní."

Ìyáàfin Ṣómóyè mí kanlẹ̀. Ràfátù gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí Afura, ó sì rí i pé àtẹ́lẹwọ́ òun tutù.

*

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó dé èbúté ńlá. Ohùn tirẹ̀ ló ń dún lórí omi, ohùn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ohùn inú táńkì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Àgbówà, níbi tí ilé rẹ̀ wà, ti dúró, kò sì sẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ náà, obìnrin kan dúró tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán. Níbo là ń lọ?" ni ọkọ̀ wí.

"Èjìnrìn."

"Ẹ kú ọ̀sán. Níbo là ń lọ?"

"Èjìnrìn! Mo ní Èjìnrìn!"

"Ẹ kú ọ̀sán. Níbo là ń lọ?"

Àwọn tó wà nítòsí ti yí ojú síbòmíràn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó máa ń fa irú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pa ohùn rẹ̀ dé, ọkọ̀ ò ní gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìsanwó àti ẹ̀rọ ìfa-omi. Ó di kó máa bẹ ènìyàn kó tó lè wọlé ara rẹ̀.

Obìnrin náà yíjú. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó kúrú, etí rẹ̀ tóbi, ó fi irin ìhọkọ̀ kan há ìgbànú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, àwọ̀ búlúù sì gbẹ sí i lápá dé ìgúnpá.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́," ó ní. "Ẹ bá mi sọ fún ọkọ̀ yìí. Èjìnrìn ni. Ọmọ mi á ti dé láti ilé ìwé, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí fún òun nìkan."

Ràfátù ti mọ ohùn náà kó tó sọ ọ̀rọ̀ kejì. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ya àwòrán obìnrin kan tó ga, tó pupa, tó mọ ara á ṣe. Kékeré yìí wá dé. Kò mọ ìdí tí ìyẹn fi dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá ṣe ẹlẹ́wà ni, ìbá yé e.

"Èjìnrìn," ó sọ fún ọkọ̀, "lẹ́yìn náà Àgbówà."

"Ẹ wọlé, Ìyá Mùínà," ni ọkọ̀ dáhùn.

Bí wọ́n ṣe jókòó, obìnrin náà ń wò ó. "Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin ni Ràfátù inú táńkì! Mo fi orin yín tọ́ ọmọ mi ni. Orúkọ mi ń jẹ́ Bísóyè, ọkọ̀ ni mo ń kùn ní Èjìnrìn." Ó dákẹ́, ó wo omi. "Ẹ máà bínú o. Èmi ni nọ́ńbà kẹrin tó wá du orin yín lónìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ni mo lò."

"Ṣé o lò ó?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ènìyàn ni. Bàbá kan ni, lọ́gbà wa. Mo ń họ ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì ń kọrin sí i, ni mo gbọ́ tó ń dá mi lóhùn láti inú ọkọ̀ kejì. Mo ní kó jáde, kò jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìtìjú tó kúrò lára rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wà nínú orin yẹn gan-an. "Nígbà tó wá jáde tán, kò ṣeé dá dúró mọ́. Ó ń súfèé bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Á máa fò, á ní, 'Padà, padà, jẹ́ ká tún un ṣe!'"

Ràfátù gbìyànjú láti rántí ìgbà tí Jínádù fò kẹ́yìn nínú ilé. Kò rántí.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti ẹ̀?"

"Màmá?"

"Mo ní kí ló wà láàárín yín."

Bísóyè kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. "Kò sí nǹkan kan. Ó ní aya, ó sì máa ń fi oríkì dárúkọ rẹ̀ ṣáá. Àwẹ̀ró báyìí, Àwẹ̀ró tọ̀hún. Ó wá yẹ kí n mú un lọ síbẹ̀ lọ́la kó súfèé fún wọn, kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Àmọ́ ó ti ní kí n búra pé mi ò ní dárúkọ òun fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ìyàwó òun bá gbọ́, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì bi í."

"Wàá wá máa wò títí ọdún márùn-ún fi pé?"

"Mo ti búra, màmá. Kí ni kí n ṣe?"

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní Èjìnrìn. Bísóyè kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sọ̀. Ràfátù wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá ọmọ rẹ̀. Òun gan-an ló sọ ohùn obìnrin yìí di aláìwúlò, ó mọ̀. Síbẹ̀ ohun tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dé Àgbówà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, tí Jínádù fi ń tijú bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ ọmọ.

*

Jínádù ń bó ẹ̀pà lábẹ́ fèrèsé nígbà tó wọlé. Ó kí i káàbọ̀, ó ní ọbẹ̀ wà lórí iná.

"Ẹ súfèé fún mi," ni Ràfátù wí.

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Bàbá Mùínà, mo ní kẹ́ ẹ súfèé fún mi. Ẹ̀yin ò lè ṣe é nílé ni, àbí Èjìnrìn nìkan lẹnu yín ti ń ṣí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Etí mi ló sọ fún mi. Ẹ rò pé mi ò ní dá a mọ̀? Ìfé tẹ́ ẹ fi pè mí kúrò nílé bàbá mi, tẹ́ ẹ fi gbé mi wá sí ibí! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ wá gbé e fún obìnrin kan tó ń kun ọkọ̀, ẹ sì gbé e fún un kó fi lé mi kúrò lórí àga mi."

Jínádù kó ẹ̀pà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"O rántí ọjọ́ tí o kọ orin inú táńkì?"

"Ṣé n lè gbàgbé?"

"Mo wà níta, mo jókòó ti àkàbà. Mo ń gbọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé sí i. O yọrí láti inú táńkì, o ń sunkún. O ní, 'Ẹ ti bà á jẹ́! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè pa ẹnu yín mọ́?' Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ." Ó gbé abọ́ ẹ̀pà kúrò lórí itan. "Mo sì pa á mọ́."

Ràfátù jókòó. Ó rántí bí táńkì náà ṣe gbóná, àti ìbẹ̀rù pé ohùn òun ò ní lè tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò rántí pé òun sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí Jínádù ṣe ń sọ ọ́ yìí, ohùn òun Ràfátù gan-an ló gbọ́ nínú rẹ̀.

"Ẹ ò sọ pé ó dùn yín."

"O ò bi mí."

"Kí ló wà láàárín yín, ẹ̀yin àti ọmọ yẹn?"

"Orin ni."

"Orin nìkan?"

"Orin nìkan, Àwẹ̀ró. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Ká ní nǹkan mìíràn ni, ó mọ ohun tí obìnrin ń ṣe sí i: á ké, á ránṣẹ́ pe ẹbí, á kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ Mùínátù ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ta ni á pè nítorí pé ọkọ rẹ̀ láyọ̀ níbòmíràn? Kò sí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ dé," ó sọ níkẹyìn. "Ọdún márùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló súfèé."

Jínádù dìde. "Èmi ni mo súfèé! Lọ́la ni màá lọ síbẹ̀. Màá súfèé sí wọn létí." Lẹ́yìn náà ló dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Òun náà mọ òfin Ilé Ìgbọ́rin, ó ti ń lọ gbé ìyàwó rẹ̀ bọ̀ wálé láti ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. "Ṣé o jókòó síbẹ̀ títí orin náà fi parí?"

Ràfátù wo abọ́ ẹ̀pà náà.

"O sì mọ̀ pé èmi ni. Ta ló pe ẹ̀rọ, Àwẹ̀ró?"

Ọbẹ̀ ti ń jóná. Kò sẹ́ni tó lọ gbé e.

"Bí mo bá lọ," Jínádù sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, "wọ́n á bi mí ta ni ìyàwó mi. Ọwọ́ á tẹ̀ ọ́. Bí mi ò bá lọ, Bísóyè ò ní lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ lọ. Mi ò ní sọ fún ọ èwo ni."

*

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni Ràfátù wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò jí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ojú ọ̀nà ló fi ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kó dà bí òpùrọ́, kò sì rí i. Ó tilẹ̀ rò ó pé kóun sọ pé etí òun ti ń darúgbó. Wọ́n á gbà á gbọ́, wọ́n á kẹ́dùn, orúkọ rẹ̀ ò sì ní bàjẹ́. Ó gbé èrò yẹn dání dé iwájú Alàgbà Múyìwá.

"Mo ṣì í lánàá," ó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì kọ ìyókù. "Rárá o. Mi ò ṣì í. Ọkọ mi ló súfèé nínú orin yẹn. Mo dá a mọ̀, mi ò nawọ́. Mo pe ẹ̀rọ nítorí pé mò ń jowú."

Alàgbà Múyìwá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nítorí àga?"

"Nítorí àga wà ńbẹ̀. Àga kọ́ ló pọ̀ jù."

"Ìyá Mùínà, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́rin níbí mọ́ láéláé?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Èjìnrìn àti Àgbówà. Kí oòrùn tó gòkè tán, Bísóyè ti dé pẹ̀lú irin ìhọkọ̀ rẹ̀, Jínádù náà sì dé, ó wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ kírun Jímọ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó wà láàárín olórin àti olùgbọ́, èyí tí wọn kì í ṣí. Wọ́n ní kí Jínádù gbọ́wọ́ lé Afura fúnra rẹ̀ kó sì súfèé, kí àwo náà lè kọ́ ohùn tí kò mọ̀. Ó wo Ràfátù lẹ́ẹ̀kan, ó fi ahọ́n ra ètè, ó sì fọn ọ́n. Afura ṣiyèméjì díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, títí Jínádù fi gbé ọwọ́ kúrò tó ní ó ń jó òun.

Alàgbà Múyìwá ní kí àwọn méjèèjì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ràfátù jókòó sẹ́yìn, lórí àga onígi tí àwọn àlejò ń lò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn ò tilẹ̀ wo ara wọn. Bísóyè dijú, ó ń họ irin. Jínádù kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu kó lè dà bíi pé ó jìnnà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò sókè nínú bàtà. Ó dàgbà, orí rẹ̀ pá, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ti Ràfátù láti máa wò ó. Owú náà ò lọ. Ó jókòó tì í lórí àga onígi yẹn, ó sì gbọ́ orin náà pẹ̀lú rẹ̀. Orin náà dára. Ó dára ju tirẹ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n láti àná.

Ní ọ̀sán gangan, gbogbo èbúté láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbówà dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn gbígbẹ kan, tí kì í ṣe ti Ràfátù mọ́, sọ pé, "Màá sọ̀."

Bísóyè bá Ràfátù lẹ́nu ọ̀nà ìta. Ọkọ̀ ti ń gbọ́ ọ báyìí.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi sọ̀rọ̀ lánàá," ó ní. "Ẹ jókòó tì mí, ẹ ń bi mí léèrè, ẹ sì mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wá jẹ́wọ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ mi ò tíì lè dárí jì yín, màmá. Ọmọ mi sunkún títí lẹ́nu ilẹ̀kùn."

"Mi ò ní kí o dárí jì mí," ni Ràfátù wí. Ó yà fún un kó lọ.

*

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Jínádù wẹ̀, ó jẹun, ó sì jókòó. Ó gbé bàtà iṣẹ́ rẹ̀ síwájú, kò wọ̀ ọ́.

"Ẹ ò lọ?" Ràfátù bi í.

"Mo rò pé kí n gbélé lónìí."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí tìrẹ ni. Bísóyè ní orin mìíràn tó fẹ́ ká gbìyànjú. Mo lè sọ fún un pé ara mi ò yá."

Ràfátù ń ká aṣọ. Ó ká ìborùn kan lẹ́ẹ̀mejì, ó tú u, ó tún un ká.

"Ẹ wọ bàtà yín," ó ní.

"Ṣé o ò jowú mọ́ ni?"

"Mò ń jowú. Òun ni mo jí bá láyà mi láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá wá jókòó tì mí nítorí rẹ̀, ẹ ó kàn máa wo ojú fèrèsé títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi náà á sì máa wò yín. Ẹ lọ."

Ọkùnrin náà wọ bàtà. Ó so okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Wọ́n ń ta ẹja òbòkún ní Èjìnrìn lọ́jọ́bọ̀. Ṣé kí n rà á bọ̀?"

"Ẹ rà á," ni Ràfátù wí. "Àmọ́ ilé ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́."

Jínádù rẹ́rìn-ín. Ràfátù ò bá a rẹ́rìn-ín, nítorí pé bó ṣe sọ ọ́ ló rí lọ́kàn rẹ̀.